Bàbá, A Ti Ká Wáyà Yín

Bàbá mi àtàtà,

Mo kí yín. Mi ò mọ̀ bóyá àárọ̀ ni lọ́dọ̀ yín tàbí ìrọ̀lẹ́, nítorí náà ẹ fi kíkí yìí sí ibi tó bá bọ́ sí. Ilé wà bí ẹ ṣe fi í sílẹ̀. Páànù ẹ̀yìn ilé ìdáná tí ẹ ní ẹ máa tún ṣe ṣì ń jò. Ewúrẹ́ àwọn ará ẹ̀yìnkùlé ṣì ń wọ ọgbà wa bí ẹni tó bá yín dá owó ilẹ̀ náà. Ara Ìyá le, ara èmi náà sì le.

Ìròyìn kan wà tí mo ti ń sún síwájú láti ìgbà tí òjò ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ jókòó dáadáa, bí wọ́n bá ń jókòó níbẹ̀. A ti ká wáyà yín.

Gbogbo rẹ̀ pátá ni a ká. Wáyà tí ẹ fà láti òpó ojú títì, tó gba abẹ́ páànù, tó gba ihò ẹ̀gbẹ́ fèrèsé wọ pálọ̀, tó sì parí sí ìdí tẹlifóònù orí tábìlì àti ẹ̀rọ íńtánẹ́ẹ̀tì tí ẹ máa ń fi aṣọ ìnujú bò nígbà ọyẹ́ kí eruku má baà wọ̀ ọ́ nímú. Ihò náà ṣì wà lára ògiri. Ìyá ti fi ọ̀rá dí i, wọ́n ní àwọn ò fẹ́ kí alángbá sọ ọ́ di géètì.

Dátà la ń lò báyìí, èyí tó ń gba ojú òfuurufú bọ́ sínú fóònù. Mo mọ ojú tí ẹ máa fi wò mí. Ẹ̀yin lẹ máa ń sọ pé ọ̀rọ̀ tí kò bá gba inú wáyà, afẹ́fẹ́ ló ni ín, afẹ́fẹ́ kì í sì í ṣe ẹni tí èèyàn ń fi nǹkan pamọ́ sí lọ́wọ́. Mò ń kọ̀wé yìí kí ẹ lè gbọ́ ọ lẹ́nu mi kí ẹlòmíràn tó gbé e dé ọ̀dọ̀ yín. Àwọn ará àdúgbò wa ń wá bá yín lọ́kọ̀ọ̀kan, ikú kì í sì í pa òfófó.

Iṣẹ́ òpó lẹ fi tọ́ wa. Láti Ògbàgì dé Ìfira, kò sí òpó tẹlifóònù tí ẹ ò gùn, kò sì sí èyí tí ẹ ò ní ìtàn nípa rẹ̀. Nígbà tí iṣẹ́ náà kú, tó fi yín sílẹ̀ pẹ̀lú bẹ́líìtì ìgunpó àti ẹ̀yìn ríro, a rò pé ó parí. Kò parí. Ẹ̀ńjíníà tó ṣí ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà ní ìgboro bẹ̀rẹ̀ sí í fi wáyà ta íńtánẹ́ẹ̀tì láti ilé dé ilé, àwọn òpó àtijọ́ ló sì ń lò. Ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ ra tiyín. Ẹ ò jẹ́ kí àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ fọwọ́ kàn án. Ẹ gbé àkàsọ̀, ẹ fà á fúnra yín, Ìyá sì dúró nísàlẹ̀, wọ́n ń di àkàsọ̀ mú, wọ́n ń bú yín.

Lẹ́yìn ìrun Àsùbáà, ẹ máa ń tẹ̀lé wáyà náà láti ẹnu ilẹ̀kùn dé ìdí òpó, ẹ ó máa gbójú sókè wò ó bí àgbẹ̀ ṣe ń wo ewé iṣu. Bí ààrá bá sán ní Ẹ̀pinmì, ẹ ti yọ ẹ̀rọ náà lójú iná ní Ìkàrẹ́. Kí sì ni ẹ ń fi íńtánẹ́ẹ̀tì tí ẹ ń ṣìkẹ́ tó báyìí ṣe? Fídíò àwọn òyìnbó tó ń tún wáyà ṣe lẹ máa ń wò. Ẹ ó ṣe Bìsìmílàhì, ẹ ó fi ìka kan tẹ̀ ẹ́, ẹ ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í bá wọn wí. "Wò ó, wo bó ṣe dì í mú bí ẹni tó di ọrùn ejò mú." Àwọn òyìnbó náà kì í dá yín lóhùn, ẹ̀yin náà kì í sì í dákẹ́. Ṣé ẹ ń rí irú rẹ̀ wò níbẹ̀?

Ọ̀kà ni mò ń gbé, níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì fóònù ti ń tú jáde bí omi ẹ̀rọ. Síbẹ̀, gbogbo Sátidé ni mo máa ń wọ mọ́tò wá sí Ìkàrẹ́, mo ní mo fẹ́ wá lo wáyà yín. Ẹ ò bi mí rí pé kí ló ṣe ti Ọ̀kà. Ẹ kàn máa ń ti àga kejì sún mọ́ mi. Ṣé ẹ mọ̀? Mo fẹ́ kí ẹ sọ fún mi pé ẹ mọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ọ̀rọ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀. Kò pẹ́ tí Ìyá jáde opó ni wọ́n ṣubú nínú balùwẹ̀. Eegun kankan ò ṣẹ́. Ọwọ́ òsì ló wú, ó sì wálẹ̀. Ṣùgbọ́n Bọ̀dá Ráṣídì gbọ́ ní Kánádà. Níwájú àwọn ẹlòmíràn, "wọ́n" ni mo máa ń pe Bọ̀dá, nítorí àgbà ni. Níwájú yín, ọmọ ni gbogbo wa, ẹ jẹ́ kí n máa pè é ní "ó" títí lẹ́tà yìí yóò fi parí. Ẹ má sọ fún un.

Ó pè mí.

"Ìyá ń bọ̀ lọ́dọ̀ mi," ló wí. "Físà ti jáde. Yàrá ti wà nílẹ̀, mo ti kun ún."

"Ṣé ẹ ti bi wọ́n?"

"Ṣé wọ́n bi mí nígbà tí wọ́n ń rọ mí lágbo?"

Mo gbé ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀dọ̀ Ìyá. Wọ́n ń ṣa ẹ̀wà lọ́wọ́, wọn ò gbójú sókè. "Sọ fún ẹ̀gbọ́n ẹ pé inú fìríìjì ni mo ti fẹ́ràn yìnyín. Mi ò fẹ́ ẹ lójúde." Wọ́n ṣa ẹ̀wà díẹ̀ sí i. "Sọ fún un pé mi ò lọ síbì kankan. Ibi tí bàbá yín wà ni mo wà."

Ìgbà tí agídí pàdé agídí, èmi ni mò ń sáré láàárín bí ẹni tó ń gbé àbẹ̀tẹ́lẹ̀. Níkẹyìn wọ́n fẹnu kò. Bọ̀dá ní òun fẹ́ máa rí ojú Ìyá láràárọ̀ lórí ìpè fídíò, kí òun rí i pé wọ́n jí, pé wọ́n dìde, pé wọ́n rìn. Tí òun bá ti ń rí i, kí Ìyá máa gbé ní Ìkàrẹ́. Ọjọ́ tí òun ò bá rí i, tíkẹ́ẹ̀tì ni. Mo ní èmi wà ní Ọ̀kà nítòsí, mo lè máa yà wò wọ́n.

"Ìwọ?" ló wí. "Ìwọ tí wọ́n sọ fún pé Bàbá ti kú, tó o ní ṣé wọ́n ti yọ ẹ̀rọ lójú iná?"

Òótọ́ ni mo sọ bẹ́ẹ̀, Bàbá. Òjò ń bọ̀ lọ́jọ́ náà.

Wáyà yín ló wá ń gbé ojú Ìyá lọ sí Kánádà láràárọ̀. Wọ́n á jókòó ní pálọ̀, wọ́n á tún gèlè ṣe, Bọ̀dá á ní kí wọ́n dìde, wọ́n á dìde, á ní kí wọ́n rìn, wọ́n á rìn dé ìdí tẹlifíṣọ̀n bí ọmọ tí wọ́n fẹ́ fi sí iléèwé. Ó tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ó tẹ́ Ìyá náà lọ́rùn, bí wọ́n tilẹ̀ ń kùn.

Ìgbà náà ni Ẹ̀ńjíníà wá. Ó dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, kò fẹ́ jókòó.

"Mọ́mì, ilé yín nìkan ló kù lórí wáyà yìí. Gbogbo èèyàn ti bọ́ sórí dátà."

"Kí ló dé tí o ò fi í sílẹ̀ fún ilé kan náà?"

"Òpó ti jẹrà, Mọ́mì. Tó bá wó lu ẹnì kan, èmi ni wọ́n máa wá pè, wọn ò ní pe Bàbá."

"Kí wọ́n pe Bàbá wò," ni Ìyá wí, wọ́n sì wọlé lọ.

Kò fọwọ́ líle mú un o, Bàbá. Òun fúnra rẹ̀ ló ká wáyà náà, ó ká a roboto bí ẹ ṣe máa ń fẹ́, ó gbé e lé Ìyá lọ́wọ́ bí ẹni gbé ọmọ fúnni. Ó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì báyìí, lápá ibi tí ẹ máa ń sùn sí.

Ẹ mọ ìṣòro tó kù. Ìdí abẹ́ àpáta lẹ kọ́ ilé yín sí. Ẹ ní ibẹ̀ tutù. Ó tutù lóòótọ́, ṣùgbọ́n nẹ́tíwọ́ọ̀kì fóònù kì í débẹ̀. Ó máa ń dé ojú títì, á wo àpáta, á padà. Mo lọ ra Máífáì ní Ọ̀kà, ẹ̀rọ pẹlẹbẹ kan tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, tí wọ́n ń ki síìmù bọ̀ nínú kó lè máa fa dátà fún fóònù tó bá wà nítòsí. Ọmọbìnrin tó ń tà á fi dá mi lójú.

"Ibi gbogbo ló ń ṣiṣẹ́, ọ̀gá mi."

"Títí dé abẹ́ àpáta?"

"Àfi kí ẹ kó jáde lábẹ́ àpáta."

Ìmọ̀ràn tó dáa ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe èyí tí mo lè gbé dé ilé. Mo gbé Máífáì náà kiri gbogbo yàrá. Mo gbé e gun àjà, mo gbé e lé orí kọ́bọ́ọ̀dù. Mo so ó mọ́ ọ̀pá ìgbálẹ̀, mo nà án jáde lójú fèrèsé bí ẹni tó ń fi ẹja tan ológbò. Ìyá ní kí n gbé e sí ẹ̀gbẹ́ Kùránì yín. Mo ní kì í ṣe bó ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyẹn. Mo gbé e síbẹ̀, kò ṣiṣẹ́. Ìyá ní àìṣe àlùwàlá mi ló fà á. Mo pààrọ̀ síìmù, mo tún pààrọ̀ rẹ̀. Ojú Ìyá tí Bọ̀dá ń rí láwọn ọjọ́ náà, ojú kan tó dúró gbagidi ni, ẹnu là sílẹ̀, bí ẹni tó ká olè mọ́ yàrá.

"Tíkẹ́ẹ̀tì wà lójú kọ̀ǹpútà mi," ni Bọ̀dá wí fún mi. "Ìka mi ló kù. Mo fún yín di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀."

Ìyá ò bínú. Ìyẹn ló bà mí lẹ́rù. Wọ́n mú báàgì ìrìnàjò yín sọ̀kalẹ̀ látorí kọ́bọ́ọ̀dù, wọ́n nù ún, wọ́n sì gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ògiri láìkó nǹkan kan sínú rẹ̀. Bí mo bá kọjá, mi ò lè wò ó.

Ní ọjọ́ Jímọ́ọ̀, mo lọ ro ìdí sàréè yín nínú ọgbà. Mò ń fa koríko níbi orí yín, fóònù àpò mi bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo. Ohùn lórí ohùn, iṣẹ́ lórí iṣẹ́, àwọn ohun tí wọ́n ti ń fi ránṣẹ́ sí mi láti àárọ̀. Mo dìde, mo kúrò níbẹ̀ díẹ̀, ó dákẹ́. Mo padà, ó tún bẹ̀rẹ̀. Mo mú Máífáì wá, gbogbo iná rẹ̀ tàn. Ẹ rántí pé orí ilẹ̀ yẹn nìkan ni ọkọ́ ti wọlẹ̀ nígbà tí wọ́n ń wá ibi tí wọ́n máa gbẹ́ sàréè yín sí. Mo gbójú sókè. Àlàfo kan wà láàárín àpáta méjèèjì, ó tẹ́ẹ́rẹ́ bí ilẹ̀kùn tí wọ́n ṣí díẹ̀, láàárín rẹ̀ ni mo ti rí òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó wà lórí òkè lọ́nà Ọ̀kà. Mo ka iṣẹ́ iná mànàmáná ní Poli, mo mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Kò sí àràmàǹdà níbẹ̀. Síbẹ̀ mo kí yín kú iṣẹ́.

Mo sáré lọ bá Ìyá ní ilé ìdáná.

"Ìyá, mo ti rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì."

"Níbo?"

"Níbi orí Bàbá."

Wọ́n gbé ṣíbí ọbẹ̀ kalẹ̀. "Orí ta ni?"

"Ẹ̀gbẹ́ orí wọn. Ẹ kàn máa gbé àpótí síbẹ̀ láràárọ̀, kí ẹ jókòó, kí Bọ̀dá rí yín."

"Kí n lọ jókòó sórí ọkọ mi, kí n máa bá Kánádà sọ̀rọ̀?"

"Ẹ̀gbẹ́ ni mo wí, Ìyá, mi ò sọ pé orí."

"Kí ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí, tí kì í ṣe orí?" Wọ́n gbé ṣíbí, wọ́n ro ọbẹ̀ tí kò nílò rírò. "Mi ò lọ síbẹ̀."

Ìgbà yẹn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wá ronú sí i. Láti ọjọ́ tí a ti tẹ́ yín síbẹ̀, Ìyá ò tíì dé ìdí sàréè yín rí. Kànga wà lápá ibẹ̀, ẹ̀yìn ilé ni wọ́n ń gbà lọ pọnmi, ọ̀nà tó jìn jù. Fèrèsé tó kọjú síbẹ̀, kọ́tìnì ni wọ́n fi ń bò ó lọ́sàn-án gangan. Ìyá tí kò fẹ́ lọ síbì kankan nítorí pé ẹ̀yin wà níbí, wọn ò lè wá sí ibi tí ẹ wà. Ṣé ẹ ti ṣàkíyèsí rẹ̀? Ṣé ẹ ń retí wọn?

Mo pe Alfa àdúgbò pé kó wá bá wọn sọ̀rọ̀. Alfa wá, ó dúró níbi ẹsẹ̀ yín, ó ṣe àdúà, ó wá ṣàlàyé pé kò tọ́ kí Mùsùlùmí jókòó sórí sàréè, kò sì tọ́ kó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ìyá ń gbọ́ láti ẹnu ilẹ̀kùn, wọ́n ń mi orí sí mi pé ṣé mo gbọ́. Bí Alfa ṣe ń sọ̀rọ̀, ó ń rìn bọ̀ wá sápá ibi orí. Ló bá di pé fóònù rẹ̀ náà bẹ̀rẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n dáhùn eléyìí," ni Alfa wí. Ó dáhùn rẹ̀, ó dáhùn òmíràn. Ó fi ohùn ránṣẹ́ sí ẹnì kan ní Ìlọrin. Nígbà tó ṣe tán, ó ní ẹ̀gbẹ́ sàréè yàtọ̀ sí orí sàréè, àti pé kíkí òkú ní ẹ̀san. Láti ọjọ́ náà, Alfa ń wá kí yín dáadáa.

Ìyá ò yí padà. Nítorí náà mo wá ọgbọ́n mìíràn. Mo ri igi ọparun kan mọ́lẹ̀ níbi orí yín, mo fi Máífáì sínú abọ́ rọ́bà olómorí nítorí òjò, kí n so abọ́ náà mọ́ igi, kí dátà máa gba ibẹ̀ dé ilé ìdáná, kí Ìyá má kúrò nínú ilé rárá. Mò ń so okùn lọ́wọ́ ni kọ́tìnì fèrèsé gbéra.

"Kí ni ìyẹn?"

"Okùn ni, Ìyá."

"Mo mọ̀ pé okùn ni. Kí lo so?"

"Kókó."

"Ìyẹn ni kókó?" Ohùn wọn ti ń gòkè. "Ẹni tó fi òpó jẹun ní gbogbo Àkókó, o wá lọ so ìsokúso sí i lórí. Bí àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ bá rí i ńkọ́?"

"Wọ́n ti kú tán, Ìyá."

"Ìyẹn ni pé wọ́n ń wò ó lọ́wọ́ báyìí."

Wọ́n jáde. Bàtà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló wà lẹ́sẹ̀ wọn. Wọ́n gba ẹ̀gbẹ́ kànga, ọ̀nà tó yá, wọ́n ń bú mi bọ̀, wọ́n bú iléèwé tí mo lọ, wọ́n ní bóyá àwòrán okùn ni wọ́n ń fi hàn wá ní Poli. Wọ́n fi ìgúnpá tì mí sẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n tú ohun tí mo so, wọ́n wá so irú kókó tí ẹ kọ́ wọn nígbà tí ẹ̀yin méjèèjì jọ ń na okùn aṣọ. Wọ́n fà á. Igi mì, kókó ò mì.

Ìgbà náà ni wọ́n wo ilẹ̀.

Ọwọ́ wọn ṣì wà lára igi. Ewúrẹ́ kan wá, ó wò wá, ó lọ.

"Ṣé bó ṣe mọ nìyí?" ni Ìyá wí.

"Bó ṣe mọ nìyẹn, Ìyá."

"Bàbá yín ga ju báyìí lọ."

Mo wọlé lọ gbé àpótí wá. Wọ́n jókòó. Wọn ò wọlé títí ọbẹ̀ fi jóná. Èmi ni mo jẹ ẹ́.

Láti ọjọ́ kejì ni Ìyá ti ń gbé Máífáì lọ so ní ìdájí, wọ́n sì ń gbé e wọlé kí oòrùn tó mú. Ẹ gbọ́ o, dátà náà dé ilé ìdáná dáadáa. Wọ́n lè jókòó síbẹ̀, kí wọ́n máa bá Bọ̀dá sọ̀rọ̀. Wọn kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Àárọ̀ àkọ́kọ́ tí Bọ̀dá pè, ó rí Ìyá, ó sì rí ohun tó wà lẹ́yìn wọn. Ẹ mọ̀ pé kò bá wa sin yín. Kò tíì rí i rí.

"Ìyá," ló wí, "ẹ yí fóònù sápá ibẹ̀ díẹ̀."

Ìyá yí i. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì dúró, kò já rárá.

"Ẹ ò gbin nǹkan kan sí i?"

"Ewúrẹ́ ò jẹ́."

"Ẹ jẹ́ kí n máa wò ó."

Ìyá di fóònù mú báyìí títí ọwọ́ fi ro wọ́n, ọwọ́ òsì ni, èyí tó ti wú. Bọ̀dá ò ní kí wọ́n dìde lọ́jọ́ náà, kò ní kí wọ́n rìn. Nígbà tí ó lọ tán, Ìyá sọ fún mi pé ẹ̀yin lẹ di nẹ́tíwọ́ọ̀kì náà mú, pé ẹni tó ti ń di wáyà mú láti ìgbà èwe kò lè dáwọ́ dúró lẹ́ẹ̀kan. Mi ò sọ ti àlàfo àpáta fún wọn. Mi ò rò pé mo máa sọ ọ́.

Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti yanjú. Láàárọ̀ ọjọ́ kan báyìí, mo wà níbi iṣẹ́ ní Ọ̀kà, Bọ̀dá pè.

"Mi ò rí Ìyá."

"Ẹ tún pè wọ́n."

"Mo ti pè wọ́n títí. Fóònù wọn kú. Lọ wò wọ́n. Bó bá jẹ́ pé wọ́n ṣubú, mi ò ní bi ẹnikẹ́ni mọ́, mo ń ra tíkẹ́ẹ̀tì náà lónìí."

Mi ò mọ bí ọ̀kadà ṣe gbé mi dé Ìkàrẹ́. Gbogbo ohun tí mò ń rò ni báàgì ẹ̀gbẹ́ ògiri. Mo já wọ inú ọgbà. Ìyá jókòó lórí àpótí, wọ́n fi ìborùn bora, fóònù dojú dé lórí itan wọn, wọ́n ń sọ̀rọ̀. Èdè Ọ̀kà, èdè ilé bàbá wọn, ni wọ́n ń sọ, wéréwéré, irú èyí tí ẹ máa ń díbọ́n pé ẹ ò gbọ́. Wọ́n rí mi.

"Kí ló ń lé ọ?"

"Bọ̀dá ò rí yín, Ìyá. Wọ́n ní fóònù yín kú."

"Kò kú. Mo pa á ni."

"Ẹ pa á?"

"Ọ̀rọ̀ tí mò ń bá bàbá yín sọ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọmọdé. Ráṣídì ti fẹ́ràn títẹ́tí sọ́rọ̀ àgbà jù."

"Wọ́n á ra tíkẹ́ẹ̀tì o."

"Jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀ mi ná," ni wọ́n wí, wọ́n sì yíjú padà sí yín.

Mo gòkè lọ sójú títì, mo pe Bọ̀dá. Mo ti ń ro irọ́ tí mo máa pa. Mo fẹ́ sọ pé bátìrì ló kú. Mi ò mọ ìdí tí mi ò fi sọ ọ́.

"Ṣé wọ́n ṣubú?"

"Rárá. Wọ́n jókòó."

"Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ńkọ́?"

"Ó wà. Ìyá ló pa fóònù. Wọ́n ń bá Bàbá sọ̀rọ̀."

Mo wo ojú fóònù bóyá ó ti já.

"Lórí kí ni?"

"Wọ́n ní kò kan ọmọdé. Wọ́n ní ẹ ti fẹ́ràn títẹ́tí sọ́rọ̀ àgbà jù."

Ó rẹ́rìn-ín. Bàbá, imú ló fi rẹ́rìn-ín, bí ẹ ṣe máa ń ṣe. Mi ò mọ̀ pé ó wà lọ́dọ̀ rẹ̀.

"Jẹ́ kí wọ́n parí ọ̀rọ̀ wọn," ló wí. Lẹ́yìn ìyẹn: "Ṣé wọ́n fi nǹkan bora? Òtútù máa ń wà níbẹ̀ láàárọ̀."

Kò dárúkọ tíkẹ́ẹ̀tì mọ́ láti ọjọ́ náà. Ìyá ló ń pè é báyìí, nígbà tó bá wù wọ́n, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti bá yín sọ̀rọ̀ tán. Wọ́n ti gbé báàgì padà sórí kọ́bọ́ọ̀dù.

Kí ni wọ́n ń sọ fún yín, Bàbá? Ṣé ẹ ń rí àyè dáhùn? Mi ò ní bi Ìyá, ẹ̀yin náà ò sì ní sọ. Ṣùgbọ́n èmi náà ní ọ̀rọ̀ tí kì í ṣe ti Bọ̀dá, tí kì í ṣe ti Ìyá. Mo ṣì ń wá ní Sátidé. Wáyà tí mo fi ń ṣe àwáwí ti lọ, mo sì ń wá. Bí mo bá dé, Ìyá á ti wà lórí àpótí, èmi á dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn kí wọ́n lè parí. Ẹ mọ̀ wọ́n, wọn kì í tètè parí. Mo lè dúró títí ilẹ̀ á fi máa ṣú. Nítorí kí mọ́tò Ọ̀kà má baà tán, mo máa ń lọ láìsọ nǹkan kan fún yín.

Ìdí tí mo fi kọ̀wé nìyẹn. Bí Ìyá bá dìde lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, ẹ má tíì lọ. Èmi ló kàn.

Ọmọ yín tó wà lẹ́nu ilẹ̀kùn.